Rédíò Tó Ń Gbọ́ Tí Kò Lè Fọhùn: Ọjọ́ Kan Lórí Ọ̀sà Èkó

5:20, ìdájí

Ọmọ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ dé etí omi. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ lápá Ìkòròdú, oṣù kẹfà sì ni, ìgbà tí òjò Èkó kì í kìlọ̀ kó tó dé. Ó fi iná fóònù wo inú ọkọ̀ fáíbà náà, ó fi gálọ́ọ̀nù tí wọ́n gé lórí gbọ́n omi díẹ̀ tó dúró sísàlẹ̀, ó wá ń tú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi wé rédíò àti GPS, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà hàn, nírọ̀lẹ́ àná. Wọ́n ti dì í pinpin. Nígbà tó fi máa tú u tán, omi ti ń ro lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn.

Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú GPS, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni ì bá sọ? Ojoojúmọ́ ló ń bá a bẹ́ẹ̀.

Ẹnu mẹ́ta ni mo ti ṣa ìtàn ọjọ́ yìí jọ: ti ọmọ ọkọ̀, ti awakọ̀ rẹ̀, àti ti ríwáyà tí wọ́n ránṣẹ́ pè nírọ̀lẹ́. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ àwọn, n kò sì ní dárúkọ jẹ́tì wọn náà, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ń ṣẹlẹ̀ ní jẹ́tì gbogbo.

Omi inú ọ̀rá yẹn, inú afẹ́fẹ́ ló ti wá. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀sà kún fún omi tí ojú kò rí. Nígbà tí wọ́n wé rédíò nírọ̀lẹ́, wọ́n wé afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́ ọn. Bí òru ṣe ń mú, afẹ́fẹ́ náà kò lè gbé ẹrù rẹ̀ mọ́, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ohun tó bá tutù jù lọ nítòsí: gíláàsì, irin, orí wáyà. Tó bá jẹ́ pé ojúta lásán ni wọ́n fi rédíò náà sí, atẹ́gùn àárọ̀ ì bá gbẹ ẹ́. Ọ̀rá kò jẹ́ kó gbẹ.

6:05

Awakọ̀ dé. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti kọjá àádọ́ta.

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá.”

“Káàárọ̀. O ti yẹ àwọn nǹkan iná wò?”

“Mo ti tàn wọ́n, sà. Rédíò ń sọ̀rọ̀.”

Rédíò ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Lórí ìkànnì 16, ohùn atukọ̀ ọkọ̀ ńlá kan ń jáde láti apá Àpápá. Ìkànnì 16 yìí, tó wà lórí 156.8 MHz, ni gbogbo ọkọ̀ lágbàáyé fi ń ké gbàjarè, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń tẹ́tí sí. Awakọ̀ gbọ́ ohùn náà, ó mi orí, ó bọ́ sídìí epo.

Ibí ni wọ́n ti ṣì í. Rédíò ọkọ̀ tó bá ń gbọ́rọ̀ lásán kì í sábà jẹ iná tó áḿpíà 1. Ṣùgbọ́n téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì láti fọhùn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ìyẹn wáàtì 25, nǹkan bí áḿpíà 5 sí 6 ni yóò fà lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà tó ti jẹrà nínú lè gbé ti àkọ́kọ́ láìsí wàhálà, kó sì dákú lábẹ́ èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá rédíò rẹ̀ pé, kó bọ́ sórí ìkànnì mìíràn, kó pe ẹnì kan, kí ẹni náà dá a lóhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò tẹ bọ́tìnnì. Ọmọ ọkọ̀ sọ fún mi pé òun kò rántí ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn.

6:40

Òfin kò gba ọkọ̀ èrò láyè láti rin òru, nítorí náà ojúmọ́ ni wọ́n ń dúró dè. Èrò wọlé, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, ẹ́ńjìnnì méjèèjì jí, ó di Èbúté-Ẹ̀rọ̀.

Ọ̀nà yẹn gba abẹ́ afárá Third Mainland, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990. Láàárọ̀, omi máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí ìgbì. Ohun tó ń ta sára ọkọ̀ kò ju ẹ̀kán omi díẹ̀díẹ̀ tí iwájú ọkọ̀ ń là sọ́tùn-ún sósì. Nínú oṣù kẹfà, awakọ̀ á sọ fún ọ pé omi yẹn kò lè ṣe ẹ̀rọ ní nǹkan kan, pé omi dídùn ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun máa ń gba ẹnu ọ̀nà èbúté wọ inú ọ̀sà, omi á di oníyọ̀. Nígbà òjò, odò Ògùn àtàwọn odò mìíràn á ti iyọ̀ padà síta.

Àmọ́ iyọ̀ tó ta sórí wáyà nínú oṣù kejì kò bá omi padà sókun. Líta omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú. Omi á fò lọ, iyọ̀ á jókòó. Iyọ̀ sì mọ bí a ti ń pe omi: tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bíi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra títí yóò fi yọ́. Èkó ń kọjá ibẹ̀ lọ́pọ̀ òwúrọ̀. Nítorí náà orí wáyà tí iyọ̀ bá ti bà kì í sábà gbẹ tán, kódà tí òjò kò bá kàn án fún oṣù kan. Tí iná bátìrì bá tún ń gba ibẹ̀ kọjá, á máa jẹ bàbà inú wáyà náà lọ́sàn-án lóru.

11:15

Wọ́n ti lọ, wọ́n ti bọ̀, wọ́n tún ti padà sí Èbúté-Ẹ̀rọ̀, wọ́n ń retí kí ó kàn wọ́n. Oòrùn mú bí ẹni pé òjò kò ní rọ̀ mọ́ láyé. GPS dúdú náà wà níwájú ọkọ̀ láìsí ìbòrí. Ọmọ ọkọ̀ ní òun fọwọ́ kàn án, òun sì yára fà á kúrò.

Wọ́n kọ IP67 sẹ́yìn GPS náà. Àwọn tó ń tà á máa ń fi ọwọ́ tọ́ka sí nọ́ńbà yìí bí ẹni ń fi ìwé ẹ̀rí ilé hàn: “Omi ò lè wọ̀ ọ́.” 6 ń sọ pé eruku kò lè wọlé. 7 ń sọ pé wọ́n rì í sínú omi tó jìn ní mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30, omi tó lè pa á lára kò sì wọlé. Irú omi wo? Omi dídùn, tó dúró jẹ́ẹ́, tí ìtutù rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ náà ju digiri 5 lọ. Bí ìlànà àgbáyé IEC 60529 ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà sínú oòrùn Èkó títí ọwọ́ kò fi lè gbà á, kó wá da omi òjò tútù lé e lórí lójijì.

Ẹ̀rọ tó gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti fẹ̀. Tó bá tutù lójijì, afẹ́fẹ́ náà á sún kì, á sì máa fa ohun tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ omi ló wà lẹ́nu rọ́bà tó yí i ká, omi náà ni yóò fà mu. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi ní ihò kékeré kan lẹ́yìn, tí wọ́n fi awọ tín-ín-rín bò. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé jáde, ẹ̀kán omi kò lè gbà á. Robert Gore ló rí irú awọ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969. Irú awọ yìí náà ni wọ́n fi ń rán aṣọ òjò olówó ńlá. Ẹ fi ihò yìí sọ́kàn.

13:50

Èrò kún, wọ́n ṣí kúrò. Awakọ̀ rí i pé ìlà oòrùn ti dúdú, ṣùgbọ́n ó rò pé òun á ti kọjá afárá kó tó dé.

14:10

Kò kọjá jìnnà. Atẹ́gùn kọ́kọ́ dé, omi dìde, òjò wá tẹ̀ lé e bí ẹni ń da agbada nù. Afárá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ pòórá. Awakọ̀ dín iná ẹ́ńjìnnì kù.

“Ẹ jókòó, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ má dìde, ẹ má sún sí ẹ̀gbẹ́ kan.”

Ìyá kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Ọlọ́run. Ojú GPS funfun láti inú, bí gíláàsì mọ́tò tí wọn kò ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ nù ún, nù ún, kò mọ́, torí inú ni kùrukùru náà wà. Kò pẹ́, iná rẹ̀ kú.

Mo bi awakọ̀ léèrè bóyá ẹ̀rù ṣìnà ló bà á. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

“Mo mọ ibi tí mo wà. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú ni n ò mọ̀.”

Ọkọ̀ oníyanrìn ń rìn lójú ọ̀sà yẹn, ọkọ̀ èrò mìíràn náà ń rìn níbẹ̀, ojú gbogbo wọn sì ṣókùnkùn bákan náà. Awakọ̀ fẹ́ kígbe síta pé òun wà nítòsí afárá, òun sì ń rọra lọ. Ó gbé ẹnu rédíò, ó tẹ bọ́tìnnì. Rédíò kú. Ó tú ọwọ́, rédíò jí padà, ohùn ẹlòmíràn tún ń jáde nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún kú.

Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára rédíò náà tó ń dín agbára rẹ̀ kù sí wáàtì 1. Ó ṣeé ṣe gan-an pé ká ní ó tẹ̀ ẹ́, rédíò náà ì bá fọhùn: wáàtì 1 kò jẹ iná púpọ̀, ọkọ̀ tó wà nítòsí ì bá sì gbọ́, àwọn yẹn gan-an ló sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi ohun tí bọ́tìnnì yẹn wà fún hàn án rí. N kò dá a lẹ́bi. Ìwé tó bá rédíò náà wá ṣì wà nínú páálí rẹ̀ nílé ẹni tó ni ọkọ̀.

Ó kù fóònù. Fóònù awakọ̀ wà nínú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, kò sì tutù rárá. Ṣùgbọ́n omi tó ń ṣàn lórí ọ̀rá náà ń tẹ ojú fóònù bí ìka mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kò jẹ́ kó mọ ìka ẹni tó ni ín. Ọmọ ọkọ̀ bọ́ síwájú, ó ń fun fèrè, ó sì ń ju tọ́ọ̀ṣì sọ́tùn-ún sósì.

14:50

Òjò dá. Kò sí ẹni tó farapa, wọ́n gúnlẹ̀ sí Ìkòròdú, àwọn èrò sọ̀rọ̀ burúkú díẹ̀ wọ́n sì lọ. Awakọ̀ kò gbé ọkọ̀ náà jáde mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò pa iná bátìrì, ó sì yẹ kó ṣe é: wáyà tó tutù tí iná ṣì wà lórí rẹ̀ ń jẹrà kíákíá ju èyí tó kàn tutù lọ.

16:30

Ríwáyà dé pẹ̀lú báàgì kan àti mítà. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ìdí mọ́tò ló ti kọ́ṣẹ́, kó tó bọ́ sídìí ọkọ̀ ojú omi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o.”

“Ewu ń bẹ fún bátìrì yẹn. Òun ló kú lé wa lọ́wọ́.”

Kò dá a lóhùn. Ó fi mítà kan orí bátìrì: 12.6 fólìtì. Bátìrì kò ṣẹ̀. Ó fi mítà sẹ́yìn rédíò: 12.5. Ó wo ọmọ ọkọ̀.

“Tẹ̀ ẹ́.”

Ọmọ ọkọ̀ tẹ bọ́tìnnì. Nọ́ńbà já wálẹ̀ sí 9.7, rédíò sì kú. Ríwáyà ní òun kò nílò kí òun wo nǹkan míì mọ́ láti mọ̀ pé ojú ìsopọ̀ kan ti bàjẹ́ níbì kan láàárín bátìrì àti rédíò. Tí rédíò kò bá fọhùn, iná ń kọjá níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fura.

Ó ń tọ wáyà lẹ́yìn, ó ń fọwọ́ tẹ̀ lé e bí ẹni ń wá ejò. Lábẹ́ ìjókòó awakọ̀ ló ti rí i: sílíkónì funfun kan tó ki bí ẹyin adìyẹ, tí wọ́n fi bo ibi tí wáyà méjì ti pàdé. Ó fi ọ̀bẹ là á. Téèpù dúdú wà nínú, ó ti di lẹ̀dẹ̀lẹ̀dẹ̀. Lábẹ́ téèpù, bàbà ti di ewé àti èédú.

“Ẹni tó ṣe èyí fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an,” ló sọ. “Ìfẹ́ ló fi pa á.”

Sílíkónì tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìkọ́lé, èyí tó ń rùn kíkan bíi fínígà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un síta, ó dára fún ojú fèrèsé àti ilé ìwẹ̀. Òórùn kíkan yẹn, ásíìdì ni. Bó ṣe ń gbẹ ló ń tú u sílẹ̀, tí wọ́n bá sì fi bo bàbà, bàbà náà ni yóò jẹ. Oríṣi mìíràn wà tí kì í rùn kíkan, tí kò sì ní ásíìdì, ṣùgbọ́n ó wọ́n jù ú lọ, ẹni tó ń sáré kì í sì í béèrè.

Ó bó ara wáyà náà láti ojú ibi tó bàjẹ́. Inú rẹ̀ dúdú. Ó gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ó ṣì dúdú. Omi máa ń gun àárín fọ́nrán wáyà gẹ́gẹ́ bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà, nínú ara wáyà tó ṣì ń dán lóde. Ìgbà tó gé e dé ìgbọ̀nwọ́ ni bàbà tó mọ́ tó yọjú. Wáyà ilé lásán ni wọ́n fi ṣe é. Èyí tó yẹ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti fi tánńganran bo fọ́nrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ funfun, kì í sì í tètè jẹrà. Ríwáyà ní irú rẹ̀ díẹ̀ nínú báàgì, ó lò ó. Ó fi irin ìsopọ̀ mú ojú méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́ pa, ó sì ki rọ́bà kan bọ̀ ọ́ tí gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ó mú iná sún mọ́ ọn, rọ́bà náà fún mọ́ ọn, gọ́ọ̀mù sì yọ sí etí méjèèjì. Mo béèrè ìdí tí kò fi jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé. Ó ní ọkọ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́, pé ibi tí òjé bá parí sí ni wáyà ti máa ń kán tó bá ń gbọ̀n lójoojúmọ́. Àwọn ríwáyà mìíràn á bá a jiyàn lórí èyí, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó jẹ̀bi.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣe ohun tó ya ọmọ ọkọ̀ lẹ́nu. Ó kó ojú ìsopọ̀ àti fíúsì, tí wọ́n ti tò sí ìsàlẹ̀ níbi tí omi ń dúró sí, ó gbé wọn gòkè sínú àpótí oníke kékeré kan. Ó jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kó tó tún gòkè wọ inú àpótí náà, kí omi tó bá ń tẹ̀ lé e lè kán sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wá mú ẹ̀rọ ìlùhò, ó lu ihò sí ìdí àpótí tuntun náà.

“Ọ̀gá, ẹ tún ń lu ihò sí i?”

“Omi á wọlé, o fẹ́ o kọ̀. Ibo lo fẹ́ kó gbà jáde?”

Ó yí GPS padà. Níbi tí ihò kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà, ẹnì kan ti fi sílíkónì kan náà dí i. Ó rí ihò, ó rò pé ibẹ̀ ni omi máa gbà, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Látìgbà náà, bí oòrùn bá ti pa á tí òjò sì pa á, ẹnu rọ́bà tó yí i ká ló ń gbà mí, omi ló sì ń mí símú.

Ọmọ ọkọ̀ ní kí wọ́n kì í sínú ìrẹsì. Ríwáyà ní ìrẹsì ń fa omi lóòótọ́, tó bá wà nínú ìkòkò. Ó tú GPS náà palẹ̀, ó ya píọ̀ wọ́tà kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sórí pátákó iná inú rẹ̀. Awakọ̀ figbe ta. Omi kọ́ ni ríwáyà ń lé, iyọ̀ ni, omi dídùn nìkan ló sì lè fọ iyọ̀ kúrò. Bí wọ́n bá gbẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, omi á lọ, iyọ̀ á kù sílẹ̀. Lẹ́yìn omi, ó fi spírítì fọ̀ ọ́ kí omi lè tètè kúrò, ó sì ní kí wọ́n gbé e síwájú fáànù di ọjọ́ kẹta, kí wọ́n má sá a sóòrùn, kí wọ́n má sì tàn án wò. Ó lè jí, ó lè má jí.

Ní ti ọ̀rá dúdú, ó ní kí wọ́n wá aṣọ kànfáàsì bíi fìlà, tó bo orí àti ẹ̀gbẹ́, tó ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀.

18:20

Àlájà tó ni ọkọ̀ dé, inú rẹ̀ kò dùn.

“Wáyà lásán lo fi ń béèrè owó tó tó báyìí?”

“Ẹ má bínú, Àlájà. Ẹ jẹ́ ká dán an wò lójú yín.”

Awakọ̀ bọ́ sórí ìkànnì mìíràn, ó tẹ bọ́tìnnì. Rédíò kò kú. Ọkọ̀ kan tó so mọ́lẹ̀ ní jẹ́tì kan náà dá a lóhùn kedere. Ó pe ojúgbà rẹ̀ kan tó wà ní Èbúté-Ẹ̀rọ̀. Kò sí ìdáhùn. Ó tún un pè. Ojúgbà náà pè é lórí fóònù pé òun ń gbọ́ ariwo kan báyìí, àmọ́ kò yé òun.

Ríwáyà tú orí wáyà áńtẹ́nà lókè ọkọ̀. Okùn bàbà híhun tó yí wáyà náà ká ti dúdú bí èédú, ó sì ń bọ́ sílẹ̀ bí eruku. Agbára ń kúrò nínú rédíò báyìí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ló ń kú sí.

Àlájà wò ó títí. Ó béèrè bóyá èyí lè dúró di ìparí oṣù.

“Ó lè dúró, Àlájà. Èrò yín ni kò ní lè dúró tí irú tòní bá tún dé.”

Ó tú gèlè, ó ka owó fún un, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ríwáyà ní òun á lọ wá wáyà áńtẹ́nà ní ọjà Àlàbá láàárọ̀ ọ̀la. Ọkọ̀ náà kò rìn lọ́jọ́ kejì títí di agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí Èbúté-Ẹ̀rọ̀ dáhùn.